Àkójọ wa pọ̀, àmọ́ àpótí ìwárí nìkan làwọn èèyàn ń rí. Báwo la ṣe máa ṣí i sílẹ̀ fún wọn?

Olùtọ́júÀkójọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ilé-ìkàwé kan ló ní ká tún ojú òpó àkójọ wọn kọ́. Fọ́tò àtijọ́, lẹ́tà, máàpù àti ìwé ìkéde ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 40,000. Bó ṣe wà báyìí, àpótí ìwárí kan ṣoṣo lèèyàn máa ń bá láàárín ojú ìwé funfun. Ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń wá á tẹ̀ ẹ́, á rí i, á sì lọ. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ rárá. Wọ́n á wo àpótí yẹn díẹ̀, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ kan tí kò mú nǹkan kan jáde, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ó ń dùn mí, torí ohun iyebíye ló wà nínú àkójọ yẹn.

Mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, bí a ṣe lè to àwọn asẹ́ tí èèyàn á fi dín ohun tó ń wò kù, àti ohun tí ẹ ti rí tó máa ń dààmú àwọn tó ń lo irú ojú òpó báyìí. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn á fi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pamọ́.

ỌmọIléÌkàwé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àpótí ìwárí wà fún ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá, tó sì mọ orúkọ tí àwọn tó kó àkójọ jọ fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ nípa nǹkan kò tíì ní ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀. Bí ẹ bá ní kó tẹ ọ̀rọ̀, ohun tí kò ní lẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Marcia Bates, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń wá ìròyìn, ti sọ èyí lọ́dún 1989. Ó ní ìbéèrè èèyàn máa ń yí padà bó ṣe ń wá nǹkan lọ, bí ẹni tó ń já èso kéékèèké nínú igbó: á já díẹ̀ níhìn-ín, ohun tó rí á mú un lọ sí igi mìíràn, á já díẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tó máa ní òun ti parí. Lọ́dún 2006, Gary Marchionini, onímọ̀ bíi tirẹ̀, pín ìwárí sọ́nà mẹ́ta: kéèyàn wá òótọ́ kan pàtó, kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́, àti kéèyàn ṣèwádìí. Àpótí ìwárí ń sin ọ̀nà àkọ́kọ́ dáadáa. Méjì tó kù ló ń jìyà lójú òpó yín.

Ẹ má tìtorí ìyẹn yọ àpótí náà kúrò o. Ẹ jẹ́ kó wà lókè, kó sì tóbi tó. Kí ohun tó wà nínú àkójọ ṣáà ti wà níwájú èèyàn kó tó tẹ lẹ́tà kan.

Oníṣọ̀nà

Ọ̀rọ̀ gidi. Mitchell Whitelaw, olùwádìí nípa ojú òpó àkójọ, tilẹ̀ sọ ọ́ lọ́dún 2015 pé ahun ni àpótí ìwárí lásán: ó di ohun tó ní mú, ó fẹ́ kéèyàn béèrè kó tó fi ẹyọ kan hàn án.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ya ojú òpó fi kọ́ṣẹ́ ni èyí tí Ben Shneiderman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ lọ́dún 1996. Kí èèyàn kọ́kọ́ rí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kó wá sún mọ́ ibi tó wù ú, kó sẹ́ èyí tí kò fẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà kí àlàyé kíkún jáde nígbà tó bá béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ló dà á dé: àlàyé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó lé èèyàn lórí, tí onítọ̀hún ò sì ní rí i títí láé bí ohun tó kù ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ tèmi: lójú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀wọ́ ọ̀pá kan, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, gíga rẹ̀ ń sọ iye ohun tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ojúlówó fọ́tò láti inú àkójọ, kì í ṣe àwòrán àmì tí wọ́n rà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, irú ohun tó wà pẹ̀lú iye wọn. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan á ti mọ̀ pé láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí ni, pé fọ́tò ló pọ̀ jù, pé lẹ́tà ò tó nǹkan. Kò tíì tẹ nǹkan kan, ó sì ti mọ nǹkan mẹ́ta.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, New York Public Library gbé ohun tó lé ní 180,000 jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ṣe ojú ìwé kan tí gbogbo wọn wà níbẹ̀ ní àwòrán tíntìntín. Èèyàn lè ní kí wọ́n to ara wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti wá, tàbí ní irú wọn, tàbí ní àwọ̀ wọn. Títò ní àwọ̀ kò wúlò fún olùwádìí tó ní ìbéèrè pàtó, àmọ́ ó ń mú kí ẹni tí kò ní ìbéèrè rárá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ nǹkan wò. Ìyẹn gan-an lẹ nílò.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín fún: ẹ má ṣe yan fọ́tò mẹ́wàá tó dára jù kí ẹ wá fi wọ́n síwájú láti ọdún dé ọdún. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fà wọ́n jáde láti inú gbogbo àkójọ, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà rí ojú ọ̀run. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ṣeé wọlé gbà. Bí mo bá tẹ fọ́tò kan, kí n rí i, kí n rí àlàyé rẹ̀, kí n sì rí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó bá a tan: ayàwòrán kan náà, ibì kan náà, ọdún kan náà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun báyìí ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá kọ "O tún lè fẹ́ràn ìwọ̀nyí" lásán, olùwádìí ò ní mọ ohun tó máa fi í ṣe.

Alágbẹ̀dẹKóòdù

Ọ̀rọ̀ asẹ́ ni tèmi, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ojú òpó tó ń bà jẹ́ jù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má kọ́ ọ bí igi tó ní ẹ̀ka, tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan á jókòó sórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Fọ́tò afárá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ jẹ́ ti afárá, ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ó jẹ́ ti odò, ó ní ọdún, ó ní ẹni tó yà á. Ibo lẹ fẹ́ fi sí? S. R. Ranganathan, onímọ̀ ilé-ìkàwé ará Íńdíà, ti rí èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́dún 1933 ló gbé ètò ìsọ̀rí rẹ̀ jáde, níbi tí a ti ń wo ìwé kan láti ìhà púpọ̀: ohun tó dá lé gan-an, èròjà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi, àti àkókò. Ìhà wọ̀nyẹn náà ni asẹ́ yín. Kí èèyàn lè gba ìhà èyíkéyìí wọlé, kó sì fi òmíràn lé e.

Èkejì, ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá yan "fọ́tò" àti "máàpù" nínú ìhà kan náà, èmi ń wá èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí kóòdù yín bá lọ ń wá ohun tó jẹ́ fọ́tò tó tún jẹ́ máàpù, òfo ló máa mú wá. Àmọ́ bí mo bá yan "fọ́tò" nínú ìhà irú, tí mo sì yan "1930 sí 1939" nínú ìhà àkókò, méjèèjì ni mo fẹ́ kó bá mu. Nínú ìhà kan, èyí tàbí ìyẹn. Láàárín ìhà sí ìhà, èyí àti ìyẹn.

Ẹ kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo asẹ́, kí iye náà sì máa yí padà bí èèyàn ṣe ń yàn. Iye yẹn ló ń sọ fún mi pé ọ̀nà yìí lọ síbì kan. Peter Pirolli àti Stuart Card, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox PARC, pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òórùn ìròyìn: èèyàn máa ń gbóòórùn ohun tó wà níwájú kó tó pinnu bóyá òun á lọ. Líǹkì tí wọ́n kọ "Àwọn mìíràn" sí lára kò ní òórùn kankan. "Lẹ́tà, 1914 sí 1918, 212" ní òórùn.

Èyí tó bá ti di 0, ẹ jẹ́ kó ṣú díẹ̀, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ta kò mí lórí èyí. Àmọ́ nígbà tó bá pòórá, èèyàn á rò pé kò sí irú rẹ̀ nínú àkójọ rárá. Nígbà tó bá ṣú, ó mọ̀ pé ó wà, pé ohun tí òun yàn ló dí i.

Gbogbo ohun tí mo bá ti yàn, kó tò sókè àbájáde, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tí mo lè fi yọ ọ́. Lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí àwọn asẹ́ gòkè wá láti ìsàlẹ̀ nígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, kí bọ́tìnnì tó máa pa wọ́n dé sì kọ "Fi ohun 348 hàn" sára, kí 348 yẹn máa yí padà bí mo ṣe ń yàn. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìwé máa tún ara rẹ̀ gbé wọlé ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan asẹ́ kan.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù: bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn. Èèyàn ti sẹ́ nǹkan títí, ó ti wo ojú ìwé wá sílẹ̀ gan-an, ó tẹ fọ́tò kan, ó fẹ́ padà, ojú òpó sì gbé e lọ sókè pátápátá, gbogbo asẹ́ rẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹni yẹn kò ní tẹ fọ́tò mìíràn mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtitẹ nǹkan, ìrìn àjò rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ fi gbogbo ohun tó yàn sínú àdírẹ́sì ojú ìwé náà. Bó bá yan asẹ́, ẹ lo pushState, àṣẹ kóòdù tó ń fi ìgbésẹ̀ tuntun kún ohun tí aṣàwákiri rántí, kí ìpadàsẹ́yìn lè tú asẹ́ yẹn sílẹ̀. Bó bá ń tẹ lẹ́tà sínú àpótí ìwárí, replaceState, tó kàn ń rọ́pò ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀, ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tẹ ìpadàsẹ́yìn fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èrè rẹ̀ mìíràn ni pé ó lè fi àdírẹ́sì yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún sì bá ohun kan náà gẹ́lẹ́.

Ní ti ìyára, òṣùwọ̀n Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ojú òpó ṣe ń rọrùn lò, ti ọdún 1993 ṣì dúró: bí ìdáhùn bá dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó dà bíi pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, ọkàn rẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀, bó bá kọjá 10, ó ti lọ síbòmíràn. Ohun 40,000 kò pọ̀ lójú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú òpó, rárá. Ẹ lè ka iye gbogbo asẹ́ kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan.

Olùtọ́júÀkójọ

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á fún yín lókun sí i. Ọ̀rọ̀ pushState yẹn á lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù lónìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àtẹ ọdún tí Oníṣọ̀nà sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lọ́wọ́ wa, "nǹkan bí 1920" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ò ní ọjọ́ rárá. Ṣé àtẹ yẹn ò ní purọ́?

ÌyáDátà

Àbúrò mi, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an lo fọwọ́ kàn yẹn. Yóò purọ́, bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ.

Wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ kọ "nǹkan bí 1920". Kọ̀ǹpútà ò mọ "nǹkan bí", ọjọ́ gidi ló ń fẹ́, torí náà ẹni tó ń kọ kóòdù sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1920. Bí gbogbo wọn bá ti rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá ya àtẹ ọdọọdún, ilé gogoro á yọ ní 1900, òmíràn ní 1910, òmíràn ní 1920, àfonífojì á sì wà láàárín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á rí i, á kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1920. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ló fẹ́ràn nọ́ńbà tó parí sí òdo.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì, èyí tó tètè jù tó lè jẹ́ àti èyí tó pẹ́ jù. "Nǹkan bí 1920" lè di 1915 sí 1925. Àwọn tó ni àkójọ ni kí wọ́n pinnu bó ṣe máa fẹ̀ tó, kí wọ́n sì kọ òfin náà sílẹ̀. Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan wà fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní EDTF. Library of Congress ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti wọ inú ISO 8601-2 ti ọdún 2019, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́. Nínú rẹ̀, 1920~ túmọ̀ sí nǹkan bí ọdún 1920, 192X sì túmọ̀ sí ọdún kan láàárín 1920 sí 1929. Lójú ìwé ohun náà fúnra rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kọ hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Lórí àtẹ, ẹ lo ọ̀pá ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá tí Oníṣọ̀nà dábàá, tàbí kí ẹ pín ìwọ̀n ohun náà káàkiri gbogbo ọdún tó lè jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pá ọdọọdún ni kí ẹ sá fún.

Àwọn tí kò ní ọjọ́ wá ńkọ́? Bí ẹ bá fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo láìsọ nǹkan kan, ètò kan á sọ òfìfo di òdo, òdo nínú aago kọ̀ǹpútà sì ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n fi gègé àti tádàwà kọ tí ojú òpó ní 1970 ni. Bákan náà ló rí lórí máàpù: ibi tí kò ní àkọsílẹ̀ á di òdo àti òdo, àmì rẹ̀ á sì balẹ̀ sórí omi ní Gulf of Guinea, níbi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà òdo Greenwich. Àwọn onímáàpù ti sọ ibẹ̀ ní Null Island. Bí ẹ bá rí òkìtì àmì láàárín òkun yẹn, àkọsílẹ̀ yín ló ń ké.

Ẹ ṣe àyè fún wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀pá ọdún, kí ọ̀pá kan dá dúró: "Kò ní ọjọ́", pẹ̀lú iye rẹ̀, kó sì ṣeé tẹ̀ bíi ti ìyókù. Bí èèyàn bá yan 1930 sí 1939, ẹ sọ fún un lókè àbájáde pé iye báyìí tí kò ní ọjọ́ kò sí nínú ohun tó ń wò yìí, kí ó lè tẹ̀ ẹ́ bó bá fẹ́ wò wọ́n. Olùwádìí tó bá mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn á ṣílẹ̀kùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe ojú òpó kì í fẹ́ kọ, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ kọ ọ́. Bí lẹ́tà bá kéré láàárín ọdún kan sí òmíràn, ó lè má jẹ́ pé àwọn èèyàn ò kọ lẹ́tà. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kó wọn jọ, tàbí omi bà wọ́n jẹ́, tàbí ìdílé tó ni wọ́n kò tíì fún ilé-ìkàwé. Gbólóhùn méjì pere lábẹ́ àtẹ tó: ta ló kó nǹkan wọ̀nyí jọ, kí ló sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ kó àkọsílẹ̀ sínú OpenRefine, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àkọsílẹ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Á kó orúkọ tí wọ́n kọ lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin jọ síwájú yín, ẹ̀yin á wá sọ èyí tó jẹ́ ẹnì kan náà.

Afetíkàwé

Ẹ kú ìjíròrò. Ojú mi kò ríran, ẹ̀rọ ló ń ka ojú òpó sí mi létí. Mo fẹ́ràn àkójọ àtijọ́ púpọ̀, ìdí tí mo fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Mo yan asẹ́, àbájáde yí padà, àmọ́ etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ò ju ìlà kóòdù kan lọ: kí ibi tí ẹ kọ "348 nínú 40,000" sí ní aria-live="polite" lára. Ẹ̀rọ mi á kà á fún mi bó bá ṣe ń yí padà, kò sì ní já lu ohun tí mo ń gbọ́ lọ́wọ́.

Àtẹ ọ̀pá yẹn, ẹ fi bọ́tìnnì sí abẹ́ rẹ̀ tó máa fi nọ́ńbà kan náà hàn ní ìlà àti òpó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ríran náà á lò ó. Ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ fà láti yan ọdún, ẹ fi àpótí méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: láti ọdún wo, dé ọdún wo. WCAG 2.2, ìlànà tó ń mú kí ojú òpó ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2023, béèrè fún èyí: ohunkóhun tó bá jẹ́ fífà, kí ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní fífà nínú. Ó tún ní kí ohun títẹ̀ má kéré sí 24 níbùú àti lóròó ní ìwọ̀n píksẹ́lì CSS, àyàfi ní àwọn ibi díẹ̀ tó yọ sílẹ̀. Lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní ti àlàyé àwòrán, "fọ́tò 00342" kò sọ nǹkan kan fún mi. "Obìnrin méjì dúró níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀kan mú bébà dání" ti tó. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè kọ 40,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tí èèyàn ń wò jù.

Oníṣọ̀nà

Ẹ ṣeun, Afetíkàwé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọ̀ kún un. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ti ìhà àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí 1 nínú 12 ni kì í rí ìyàtọ̀ àwọ̀ kan dáadáa, pàápàá pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan sọ ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ tàbí kí ẹ fi àmì sí i. Kí ọ̀rọ̀ lásán sì yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n 4.5 sí 1, ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi àtẹ róbótó rọ́pò ọ̀pá, ẹ rántí pé William Cleveland àti Robert McGill, olùwádìí nípa àtẹ, ti dán an wò lọ́dún 1984: ojú èèyàn máa ń fi ipò lórí ìlà kan ṣe àfiwé dáadáa ju igun lọ.

Arìnkiri

Èmi kì í ya ojú òpó, àkójọ ni mò ń lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má fún wa ní ojú ìwé tí kì í lópin. Mi ò mọ ibi tí mo dé, mi ò mọ ibi tó kù, mi ò sì lè dé ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé-ìkàwé sí.

Oníṣọ̀nà

Mo gbọ́ yín, àmọ́ lórí fóònù, nọ́ńbà ojú ìwé kéékèèké tò sísàlẹ̀, ìyà ni fún àtàǹpàkò. Ẹni tó ń wo fọ́tò fún ìgbádùn kò fẹ́ kí nǹkan máa dá òun dúró.

Alágbẹ̀dẹKóòdù

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Bọ́tìnnì "Fi 48 sí i hàn" ni kí ẹ lò, kó kọ "96 nínú 348" sókè rẹ̀, kí ibi tí èèyàn dé sì wọ inú àdírẹ́sì. Kò sí ohun tó ń sáré wọlé fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ò sì sá fún ẹnikẹ́ni.

ỌmọIléÌkàwé

A ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ àmì orí fáwẹ́lì. Bí àkójọ bá ní orúkọ tó ní àmì, láti èdè yòówù, kọ̀ǹpútà lè máa rí ohun kan náà bí ohun mẹ́ta. Ẹ wo lẹ́tà ọ́. Ẹnì kan lè tẹ o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó wá fi tòkè. Ẹlòmíràn lè ti ní ọ tẹ́lẹ̀, kó fi tòkè sí i. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti ó, kó fi tìsàlẹ̀ sí i. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan ni. Nínú fáìlì, ọ̀nà mẹ́ta ni, ẹni tó bá sì tẹ ọ̀kan kò ní rí méjì tó kù.

Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, tó jẹ́ ọ̀nà ìdọ́gba kan nínú Unicode (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè), nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú wọn. Fún ìwárí, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì tí ẹ ti bó gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, kí ẹni tí kò fi àmì tẹ ọ̀rọ̀ náà lè rí nǹkan. Ẹni tó bá fi àmì tẹ̀ ẹ́, kí èyí tó bá tirẹ̀ mu gẹ́lẹ́ kọ́kọ́ jáde, kí ìyókù tẹ̀lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ béèrè. Ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n kàn gbé ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè síbẹ̀, kí èèyàn máa bá a sọ̀rọ̀?

ÌyáDátà

Ìbéèrè tó dáa ni, ọmọ mi. Wò ó, ẹ̀rọ yẹn náà, àpótí ni. Ó tún ń dúró de ẹni tó ní ìbéèrè. Kò sì ní fi hàn ọ́ bí àkójọ ṣe fẹ̀ tó, ìdáhùn kan ló máa gbé fún ọ, o ò ní mọ ohun tó fi sílẹ̀. Ó tún lè sọ ohun tí kò sí nínú àkójọ rárá, kó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Bí wọ́n bá máa lò ó, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní líǹkì sí ohun tó ti fà á yọ, kí èèyàn lè lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wúlò gan-an ni kó wá àwòrán tó jọra fún wa, tàbí kó kọ àkọ́kọ́ àlàyé àwòrán tí Afetíkàwé ń béèrè, kí èèyàn wá kà á, kó tún un ṣe kó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi rí ọ̀pọ̀ nínú 40,000 yẹn ṣe.

Arìnkiri

Kí ẹ tó ná agbára sórí èyíkéyìí, ẹ pe àwọn èèyàn wá wò ó. Jakob Nielsen àti Thomas Landauer ti fi hàn lọ́dún 1993 pé èèyàn 5 máa ń tú ọ̀pọ̀ ìṣòro síta, ẹ ò nílò ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ bí ẹ ṣe béèrè ló ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní "Wá fọ́tò afárá", ẹ ti fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀. Ẹ ní: "Wá ohun kan tí o ò rò pé á wà níbẹ̀." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa ojú òpó dé, kí ẹ ní kó sọ fún yín ohun tó rò pé àkójọ náà ní, ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀, àti ohun tí kò sí. Bó bá lè sọ ọ́, ojú òpó yín ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ fọ́tò mẹ́ta tó rí nìkan ló lè sọ, ojú ìwé àkọ́kọ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ sì gba àkọsílẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti tẹ̀ sínú àpótí àtijọ́ yẹn tí kò mú nǹkan kan wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n kún àkọsílẹ̀ yín.

Olùtọ́júÀkójọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àkọsílẹ̀ la máa kọ́kọ́ tún ṣe, ọjọ́ méjì méjì fún ohun kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí Ìyá ṣe wí, lẹ́yìn náà ọ̀pá ọdún, asẹ́ àti àdírẹ́sì. Mo ti béèrè fún ọ̀rọ̀ tí kò mú nǹkan wá yẹn.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ kí máàpù ńlá gba gbogbo ojú ìwé àkọ́kọ́, torí ó ti rí i níbòmíràn, ó sì wù ú. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌyáDátà

Má bá a jiyàn rárá. Ka iye ohun tó ní àkọsílẹ̀ ibi nínú 40,000 yẹn, kí o sì tún ka iye tó jẹ́ pé orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan ni wọ́n kọ. Èyí tó jẹ́ orílẹ̀-èdè nìkan, àárín orílẹ̀-èdè náà ni àmì rẹ̀ á bọ́ sí, bíi pé inú oko kan níbẹ̀ ni wọ́n ti ya gbogbo fọ́tò. Gbé nọ́ńbà méjèèjì síwájú ọ̀gá. Bí èyí tó pọ̀ jù bá ní ibi tó ṣe pàtó, máàpù lè wà níwájú, kí àwọn àmì tó sún mọ́ra para pọ̀ di ọ̀kan tó ní iye lára, kí wọ́n sì máa tú ká bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ wọn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, fi máàpù sí ẹ̀gbẹ́ asẹ́ ibi, kọ iye tí kò sí lórí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ọ̀pá ọdún dúró síwájú.

Olùtọ́júÀkójọ

Màá kà á láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ṣeun, mà.